Àkísà Dúdú Orí Àyà Ẹ̀wù

Ìgbà kẹta tí abẹ́rẹ́ kán sójú kan náà ni Ìyá Aránṣọ gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán.

Àkọ́kọ́ kán, ó pòṣé. Èkejì kán, ó ṣépè fún ẹni tó tà á fún un. Ẹ̀kẹta wá kán, ó sì gún un ní àtàǹpàkò kó tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí àkísà dúdú tó ń rán, kò tilẹ̀ hàn. Aṣọ náà mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún tán, ó sì ń dán bó ṣe ń dán tẹ́lẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí fún ara rẹ̀. "Ó tán."

Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún rán kóòtù, àpò ìwé àti ìbòrí àga mọ́tò ni o. Ó mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ kán: á kọ́kọ́ tẹ̀ ná. Ìwọ̀nyí ò tẹ̀ rárá. Wọ́n kàn ń dún tá, wọ́n ti di méjì.

Orí tábìlì níwájú rẹ̀ ni Ẹ̀wù Ẹgbẹ̀rún wà, ẹ̀wù tó tóbi débi pé etí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àkísà lórí àkísà ni, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, gbogbo rẹ̀ ń tàn yòò. Lọ́dọọdún, ilé kọ̀ọ̀kan nílùú ń mú àkísà kan wá, wọ́n á sọ ọ́ sínú agbọ̀n tó wà lójú fèrèsé kékeré yàrá ọdún, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé tòun nìyí. Ẹni tó ń rán an náà ò gbọdọ̀ kọ ọ̀kankan. Èyí tó bá wọlé kẹ́yìn, orí àyà ẹ̀wù ni wọ́n ń rán an sí. Ìyá ọmọbìnrin tó máa wọ̀ ọ́ lọ́dún náà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló ń fi wà nínú yàrá náà, kò ní jáde, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ láti jẹ́ fún un, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń sọ ọ́, òun ò sì ní dáhùn.

Lọ́dún yìí, Ẹlẹ́rìn-ín ló kàn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Aránṣọ bí. Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kì í fi ẹnu nìkan rẹ́rìn-ín bí àwa yòókù. Èjìká rẹ̀ ń rín, ikùn rẹ̀ ń rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá ń rín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ nídìí kànga, àwọn tó wà lójú títì á ti máa bá a rín kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀rín yẹn nìkan ló ń mú kí ìyá rẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀.

Lọ́túnla ló máa wọ ẹ̀wù náà. Ìyá rẹ̀ ò sì lè gbàgbé ọmọ tó wọ̀ ọ́ lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ọmọ Ìyá Aláró. Ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó, títí ó fi dé orí afárá. Ó padà bọ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé. Títí di òní, kò tíì sọ gbólóhùn kan. Dókítà fi iná wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣe é.

Àkísà dúdú yìí, ọ̀sán àná ló wọlé, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ló dé, ó ṣì ń kán tótó. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, kò gbẹ. Ó ti kun gbogbo ìka Ìyá Aránṣọ dúdú. Ní gbogbo ìlú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa aṣọ láró kó dúdú tó báyìí. Ọwọ́ Ìyá Aláró ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti yadi, Ìyá Aláró ò tẹsẹ̀ bọ ilé ìyàwó àbúrò rẹ̀ mọ́.

"Orí àyà ọmọ mi," ni Ìyá Aránṣọ ń wí, ó ń nu ọwọ́ sára ìró, dúdú náà ò kúrò. "Orí àyà ọmọ mi ló wá lẹ̀ ẹ́ mọ́."

*

Ọdún Àkísà ni wọ́n ń pè é. Àlejò tó bá débẹ̀ lọ́jọ́ ọdún á rí àwọn ọmọdé tó kun ojú, á gbọ́ fèrè, á rí aṣọ aláràbarà, á ní irú ìgbádùn wo rèé. Kí ló mọ̀?

Ìyà ló bí ọdún yìí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ìgbà kan wà tí òjò kọ̀ fọ́dún mẹ́ta gbáko. Odò abẹ́ afárá gbẹ, ó di ọ̀nà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn oníṣòwò ń kó ìyẹ̀fun wá láti òdìkejì, wọ́n ń fi gba ìkòkò. Ìkòkò tán, wọ́n ń fi gba ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tán, wọ́n ní ó ku aṣọ ọrùn yín. Àwọn èèyàn bọ́ ọ fún wọn! Àkísà tí oníṣòwò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìkan ló kù nílé dé ilé. Ni obìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àkísà kiri. Ó rán gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé gba àárín ìlú kọjá. Ó ní kí ìyà jáde wá wo òun, kò sí ohun tó kù tó lè gbà lọ́wọ́ òun mọ́. Nígbà tó dé orí afárá, ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó yí i padà, inú síta, ìta sínú, kí ìyà má baà dá òun mọ̀ nígbà tó bá ń padà sílé. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni òjò rọ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ fún àwọn ọmọdé ni pé obìnrin yẹn sin ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ wá fojú inú wo irú ẹ̀rín tó rín.

Yíyí tí wọ́n ń yí ẹ̀wù padà lórí afárá yìí, wọ́n ti pa á tì. Ibi tí wọ́n ti ń yí i gan-an ni ọmọ Ìyá Aláró ṣubú sí lọ́dún kẹta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n sì gbé e dìde, ohùn ti lọ. Ìgbìmọ̀ ọdún ní ó tó gẹ́ẹ́: bí wọ́n bá ṣe wọ̀ ọ́ lọ ni kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ bọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, aburú kankan ò ṣẹlẹ̀.

*

Orí ilẹ̀ gíga ni yàrá ọdún wà, fèrèsé ńlá rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá Ìyá Aláró nísàlẹ̀. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Ìyá Aránṣọ fi ìka kan rọra ká kọ́tìnnì kúrò.

Àgbàlá náà dá wáí. Adìyẹ kan ò sí níta. Ìyá Aláró nìkan ló dúró láàárín àwọn ìkòkò aró rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì dúdú títí dé ìgúnpá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó yadi jókòó sí lórí àpótí, ó tẹjú mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀. Ẹnu náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń wí nǹkan, kò dánu dúró, kò yára, kò fà á, bíi ti ẹni tó ti wí i títí tó ti há sórí. Ohùn rẹ̀ ò dé òkè. Lójijì ló gbójú sókè, ó wo fèrèsé Ìyá Aránṣọ, ó sì fi ọwọ́ dúdú yẹn lu ara rẹ̀ láyà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu rẹ̀ ò yéé ṣiṣẹ́.

Ìyá Aránṣọ jẹ́ kí kọ́tìnnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀rín Ẹlẹ́rìn-ín ta láti ojú títì. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n ń dán ijó ọdún wò. Ẹ̀rín náà ń gòkè, ó ń gòkè, ó sì já. Ikọ́ ló gba ipò rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ló wúkọ́.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò dúró gbọ́ bóyá ẹ̀rín náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi aṣọ bo orí, ó kó àwọn abẹ́rẹ́ tó kán sínú ìdì ìró, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ọdún yìí, a ò gbọ́ pé ẹnì kan jáde kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ẹ̀rù bà á. Ó lọ bẹ́ẹ̀ náà.

*

Ẹ̀yìn ilé pákó ni Baba Rédíò ń gbé. Yàrá iwájú ló ti ń tún rédíò ṣe, yàrá ẹ̀yìn ló ti ń ṣe ìyẹn tí wọn kì í dárúkọ. Rédíò bí ogójì ló wà lára ògiri, kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Ìyá ọlọ́dún." Kò gbójú sókè kúrò lórí wáyà tó ń jó. "Mo rò pé wọ́n ti yín mọ́lé ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Èmi? Èmi kì í ṣe ọmọ ibí. Èèwọ̀ yín ò kàn mí, n ò tilẹ̀ mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe ọdún yín. Ẹ jókòó. Ẹ mu omi."

Ó na ife kan sí i. Ìyá Aránṣọ gbà á, ó ti gbé e dé ẹnu kó tó rí i. Ojú ìka mẹ́rin ló wà lára ife náà, dúdú tó ń dán, kò tíì gbẹ dáadáa. Ó gbé ife náà sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí?"

"Àwọn èèyàn ń wá tún rédíò ṣe."

"Bàbá, aró rèé!"

"Ojú mi ò fọ́."

"Kí ló wá gbà?"

"Ìyá," ó gbé irin gbígbóná rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wò ó fúngbà àkọ́kọ́. "Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó wá láàárọ̀ fún ẹni tó wá lọ́sàn-án, ṣé ọkàn tiyín náà á balẹ̀?"

Gbogbo rẹ̀ ló tú jáde lẹ́nu Ìyá Aránṣọ lẹ́ẹ̀kan náà: àkísà, abẹ́rẹ́, ikọ́, ẹnu tó ń ṣiṣẹ́ lágbàlá. Ó ní ọmọ kan lòun ní, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ọkọ tó máa bá òun bí i.

"Kí lẹ wá fẹ́?" ni Baba Rédíò bi í. "Kó kú?"

Ìyá Aránṣọ wo ìka ara rẹ̀. Wọ́n dúdú bíi ti Ìyá Aláró gẹ́lẹ́. Ó rántí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, Ìyá Aláró yìí ló fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé ọkọ.

"Rárá. Ẹnu yẹn ni. Ẹnu tó ń fi wí nǹkan sí ọmọ mi, kó pa dé."

Ọkùnrin náà wọ yàrá ẹ̀yìn. Ohun kan ń jó níbẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti irun. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ó di nǹkan kan lọ́wọ́ tí kò ju ẹ̀wà kan lọ, awọ ni wọ́n fi rán an yíká, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tí òwú pupa wà.

"Ibi òwú pupa yìí ni ẹnu ẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa. Ibi tó bá kọjú sí ló ń ṣiṣẹ́ sí, kò ju bí apá ṣe gùn lọ. Ẹ rán an sábẹ́ àkísà yẹn, kó kọjú síta. Kò mọ ọ̀tá o, kò mọ ọmọ. Iwájú ẹ̀ nìkan ló mọ̀."

"Ṣé kò lè yíjú padà fúnra ẹ̀?"

"Kò lẹ́sẹ̀, Ìyá. Àfi béèyàn bá yí i."

Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ju abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó kán yẹn lọ. Ó kó wọn sínú agolo kan lórí pẹpẹ, ó sì dún bí ẹni pé abẹ́rẹ́ mìíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

*

Nígbà tó padà dé, ó rí ojú ọ̀pá nínú iyanrìn iwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ọ̀pá Alága Ọdún, olórí ìgbìmọ̀, ni, òun nìkan ló ń fi ọ̀pá onírin rìn nílùú, ojú rẹ̀ máa ń rí róbótó bíi bọ́tìnnì. Alága ti wá, ó ti dúró, ó sì ti lọ.

Ìyá Aránṣọ wọlé láti ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń retí ariwo. Ariwo ò wá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹnikẹ́ni ò wá bi í pé níbo ló lọ. Ó ní orí òun ló yọ òun. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti rò ó pé Alága kì í ṣe ẹni tó ń rìn wá lọ́sàn-án gangan láti wá kí ilẹ̀kùn. Bó bá sì rò ó, ta ni yóò bi? Ẹni tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, tí kò sì gbọdọ̀ jáde!

Ó tú etí àkísà dúdú náà, ó ti awọ kékeré yẹn sábẹ́ rẹ̀, ó fi ìka wá òwú pupa, ó yí i kó kọjú síta. Lẹ́yìn náà ló kì abẹ́rẹ́ kẹrin bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ náà wọlé wẹ́rẹ́, kò ṣe wàhálà kankan, títí ó fi rán an yípo. Kí àṣálẹ́ tó lẹ́, àkísà dúdú náà gbẹ.

*

Lọ́jọ́ ọdún, àwọn obìnrin mẹ́rin ló wá gbé ẹ̀wù náà. Ìyá Aránṣọ dúró lójú fèrèsé, ó rí ọmọ rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti fi yẹ́lò àti funfun kun ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú rẹ̀, ó yọ orí jáde bí adìyẹ tó wà nínú àpò, ó rí ìyá rẹ̀ lókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ojúlé bá a rín in.

"Máa rín, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí lábẹ́ ahọ́n. Kò gbọdọ̀ jáde títí ẹ̀wù yóò fi padà dé. Ó jókòó sídìí màṣíìnì rẹ̀, ó ń fi etí tẹ̀lé wọn. Ẹ̀rín náà kọjá ìdí kànga. Ó kọjá ilé ẹ̀kọ́. Fèrè ń lọ, ẹsẹ̀ ń lọ. Ó wo àgbàlá ìsàlẹ̀, ó rí i pé Ìyá Aláró àti ọmọ rẹ̀ ti jáde lọ sí afárá.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Kó sún mọ́ iwájú ẹ̀ dáadáa." Inú rẹ̀ dùn, ẹ ò rí i bí? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Ẹ̀rín dé orí afárá, ó ga níbẹ̀ ju ti ibikíbi lọ. Fèrè sì dákẹ́. Ohùn kan kígbe, gbogbo ìlú gbà á:

"Yí i! Yí i! Yí i!"

Ìyá Aránṣọ ò gbọ́ igbe yẹn láti ọdún kẹta.

Àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti dìde. Ó já ilẹ̀kùn, ó bọ́ sójú títì láìwọ bàtà, láìwé gèlè, ó ń sáré níṣojú gbogbo àwọn arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé kí wọ́n má yí i o, ẹ má yí i, ẹ gbà mí o. Kò tíì dé afárá tó fi pàdé wọn. Wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ̀wù náà ti di òdì, ẹ̀yìn aránpọ̀ ló wà níta, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ìdí òwú ń mì lára rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń rìn bọ̀ nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Ìyá Aránṣọ!" Alága Ọdún di ọ̀pá rẹ̀ mú. "Ó dédé dákẹ́ ni o. Wọ́n ń yí i fún un lọ́wọ́, ó dédé dákẹ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ yí i?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ìjẹta, lọ́sàn-án, mo wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yín, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní Ìyá Aláró wá bẹ ìgbìmọ̀, a ti dá yíyí padà. Ẹ ò dáhùn, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í dáhùn."

Ìyá Aránṣọ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tòun ti ẹ̀wù. Ó mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan kékeré yẹn ṣe le gbandi láàárín àyà òun àti àyà ọmọ náà.

*

Ìyá Aláró wọ ilé Ìyá Aránṣọ láìkan ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti wọ ilé yìí kẹ́yìn. Ọmọ tirẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri, ọ̀dà ojú rẹ̀ ti sán.

"Ìyàwó mi," ni Ìyá Aláró wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Kí lo rán sí i?"

"Ẹ̀yin lẹ ni àkísà dúdú!"

"Èmi ni mo ni ín. Aṣọ tí ọmọ mi wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù lọ́jọ́ tó yadi ni. Ẹrẹ̀ orí afárá wà lára ẹ̀, mo sì pa á láró kí ìyà má baà dá a mọ̀. Mo dúró kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ mú tiwọn wá, kí tèmi lè bọ́ sórí àyà. Mo ní bó bá wà lórí àyà ẹni tó mọ̀ ọ́n rín jù nílùú yìí, bóyá díẹ̀ á ta sí tèmi lára. Ṣé ẹ̀rín ọmọ rẹ kéré ni? Díẹ̀ péré ni mo fẹ́."

"Ẹ dúró lágbàlá, ẹ ń pọfọ̀ sí mi. Ẹ ń lu àyà."

"Ọfọ̀ wo? Orúkọ ẹ̀ ni mò ń pè. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó tì í, mo ń pe orúkọ ẹ̀ léraléra kó lè wo ẹnu mi, kó bá mi pè é. Mo wo òkè, mo ní kó o bá mi bẹ ẹ̀wù yẹn, ìwọ tó wà níwájú ẹ̀."

"Ife Baba Rédíò ńkọ́? Ìka yín wà lára ẹ̀, ẹ má purọ́ fún mi."

Ìyá Aláró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O dé ibẹ̀ náà," ló wí. "Mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣí ẹnu ọmọ mi ni. Ó ní títì lòun mọ̀, òun ò mọ ṣíṣí."

Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti lọ bá a rí ni?" ni Ìyá Aránṣọ bi í.

"Lọ́dún tèmi, àkísà pupa kan wọlé kẹ́yìn. Mo mọ ọwọ́ rẹ lára ẹ̀, ta ló tún ń ṣẹ́ etí aṣọ wẹ́wẹ́ báyẹn? Ikú àbúrò mi ò tíì pẹ́ nígbà náà. Mo mọ ohun tí àwa ará ilé ń sọ lẹ́yìn rẹ, pé ọwọ́ rẹ wà nínú ikú ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti dé etí rẹ. Mo ní o fẹ́ gbẹ̀san lára ọmọ mi. Mo jáde lọ́sàn-án, mo lọ bá Baba Rédíò. Ó ní kí ẹnu ẹ̀ kọjú síta. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí pé wọ́n máa yí i. Ìwọ ni mò ń rò, n ò ro afárá."

Àkísà pupa. Apá ẹ̀wù tí ọkọ Ìyá Aránṣọ wọ̀ kẹ́yìn ni, èyí tí òun máa ń sunkún sí lójú oorun. Òun náà ti dúró kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ mú tiwọn wá.

"Ẹ̀wù àbúrò yín ni," ló sọ níkẹyìn. "Mo fẹ́ kó wà níbi tẹ́nì kan á ti máa rẹ́rìn-ín."

Ìyá Aláró fi ọwọ́ dúdú bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ mọ ohun tí yíyí ṣe, ẹ tún lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà? Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ibi tó ti pa dé, mo ní ibẹ̀ náà ni á ti ṣí. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ti ṣe irú nǹkan yẹn rí láyé. Mo sì wò ó pé ìwọ lò ń rán an lọ́dún yìí." Ó ṣí ojú. "Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Mo ní kò ní sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo fọkàn tán ọ, ìyàwó mi."

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tó yadi lọ́jọ́sí wọlé, ó jókòó ti èyí tó yadi lónìí, ó sì gbá a lọ́wọ́ mú. Àwọn méjèèjì jọ ń wo ògiri.

*

Nígbà tí ọdún tún yí po, ọmọ Ìyá Oníbàtà ló kàn. Ìyá Aránṣọ gé etí aṣọ yẹ́lò tí Ẹlẹ́rìn-ín wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbá a mọ́ àyà fún wákàtí kan. Kò lè sọ ọ́ sáàárín tàwọn yòókù kó sọnù bẹ́ẹ̀. Ó dúró títí gbogbo ìlú fi mú tiwọn wá, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n, ó sì lọ sílé.

Kò lè jẹun. Kò lè jókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí òun alára ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lésìí, ó sì fi ẹnu sún mọ́ igi rẹ̀. Èèwọ̀ ni. Ó ti mọ̀ pé èèwọ̀ ni.

"Ìyá Oníbàtà, èmi ni, Ìyá Aránṣọ, ìyá ọmọ tó yadi lésìí. Èmi ni mo mú àkísà yẹ́lò orí àyà yẹn wá. Aṣọ ọmọ mi ni. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, mo bá Ọlọ́run búra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán nǹkan kan sí i. Ṣé ẹ gbọ́?"

Kò sí ìdáhùn. Wọn kì í dáhùn. Ó dúró síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún kan rèé tó mí délẹ̀. Láti ojú títì, ọmọ Ìyá Oníbàtà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nínú yàrá, nǹkan kan dún tá.

Ó gbọ́ bí àga ṣe sún. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa irin ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kó tó sáré yí ilé po, Ìyá Oníbàtà ti jáde, ó ti fi aṣọ bo orí, bàtà tuntun rẹ̀ ń lu ilẹ̀ lọ sápá ilé pákó.

"Ẹ dúró!" Ìyá Aránṣọ ki eré mọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé!"

Ìyá Oníbàtà bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹni tó ń lé òun bọ̀, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá sí i. Bí Ìyá Aránṣọ ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ló ń sáré tó.